Bí A Ṣe Ń Jẹun ní Ilé Oúnjẹ Ìbílẹ̀ ní Àwọn Ìlú Kéékèèké Ilẹ̀ Pọ́túgàl: Ìtọ́sọ́nà fún Ará Abẹ́òkúta

Ará Abẹ́òkúta tó bá ń múra láti lọ kí ọmọ tàbí ẹbí rẹ̀ ní ilẹ̀ Pọ́túgàl máa ń gbọ́ ìmọ̀ràn púpọ̀ nípa Lisbon àti Porto, ṣùgbọ́n kì í sábà rí ẹni tí yóò sọ fún un bí yóò ṣe jẹun nígbà tí ọkọ̀ bá gbé e kọjá ìlú ńlá, tó sì já a sílẹ̀ ní ìlú kékeré kan ní Alentejo, ní Beira, ní Trás-os-Montes tàbí ní Minho, níbi tí kò sí àwòrán oúnjẹ lára ògiri, tí ẹni tó ń gbé oúnjẹ kò sì gbọ́ ju èdè Potogí lọ. Ohun tí mo fẹ́ kí òǹkàwé fi sọ́kàn ṣáájú ohun gbogbo ni pé ilé oúnjẹ ìbílẹ̀ ní àwọn ìlú wọ̀nyí kì í ṣe ibi tí a ti ń béèrè fún ohun tí ọkàn wa ti yàn láti ilé. Ibi tí a ti ń béèrè ohun tí wọ́n sè lónìí ni. Ẹni tó ti wọ bùkà rí ní Ìtòkú tàbí ní Láfẹ́nwá, tó sì bi olóúnjẹ pé, “Màmá, kí ló wà nílẹ̀?” kó tó fa àga, ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà. Ìdajì tó kù ni àsìkò, ìkíni, ìwọ̀n oúnjẹ, àti mímọ ohun tó wà nínú ìkòkò, èyí tó ṣe pàtàkì gan-an fún ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò fàyè gba ẹran ẹlẹ́dẹ̀.

Yíyan ilé àti mímọ àsìkò

Orúkọ tó wà lára pátákó máa ń sọ irú ilé tí ẹ fẹ́ wọ̀. Tasca àti taberna jẹ́ ilé kékeré tí tábìlì rẹ̀ kò pọ̀, tó sì sábà máa ń jẹ́ pé ẹbí kan ṣoṣo ló ń dáná, tó ń gbé oúnjẹ, tó sì ń gba owó. Casa de pasto jẹ́ orúkọ tó ti pẹ́ fún ilé tí àwọn òṣìṣẹ́ àti arìnrìn-àjò ti ń jẹun ní owó pọ́ọ́kú. Churrasqueira ni kí ẹ wá bó bá jẹ́ adìẹ tí wọ́n yan lórí ẹyín iná ni ọkàn yín fẹ́. Marisqueira ń ta edé, akàn àti àwọn ẹran omi oníkarawun mìíràn, wọ́n sì máa ń fi òṣùwọ̀n wọ̀n wọ́n, nítorí náà ẹ béèrè iye tí kílò kan jẹ́ kí ẹ tó ní kí wọ́n gbé e wá.

Òfin ilẹ̀ náà ní kí ilé oúnjẹ gbé iye owó ohun tó ń tà sí ẹnu ọ̀nà àti sínú ilé, owó orí tí wọ́n ń pè ní IVA sì gbọ́dọ̀ ti wà nínú iye náà, tí wọn kò ní tún fi kún un nígbà tí ẹ bá fẹ́ sanwó. Ẹ dúró kà á. Ilé tí mo fẹ́ràn jù ni èyí tí wọ́n fi ọwọ́ kọ oúnjẹ méjì tàbí mẹ́ta sórí ìwé, tí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì ẹnu ọ̀nà, nítorí pé àárọ̀ ọjọ́ náà ni wọ́n sábà máa ń kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn tí ẹni tó ń dáná ti mọ ohun tó rí rà lọ́jà. Prato do dia, èyíinì oúnjẹ ọjọ́ náà, ni wọ́n máa ń kọ sí orí rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìlú kékeré, owó rẹ̀ máa ń wà láàárín yúrò 8 sí 14, nígbà mìíràn ọbẹ̀, búrẹ́dì, ohun mímu àti kọfí a sì wà nínú owó kan náà. Bí ẹ bá rí ọkọ̀ àwọn bíríkìlà àti àwọn awakọ̀ akẹ́rù níwájú ilé kan ní aago méjìlá ààbọ̀ ọ̀sán, ẹ wọlé láìṣiyèméjì. Àwọn wọ̀nyí ń jẹun níta lójoojúmọ́ pẹ̀lú owó iṣẹ́ wọn, wọn kì í sì í padà sí ibi tí oúnjẹ kò bá ti dùn.

Àsìkò ló máa ń da àwa gan-an láàmú. Ní Abẹ́òkúta, ẹni tí ebi bá pa ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ yóò rí ẹni tí yóò bu ọ̀fadà fún un láìjanpata. Ní ìlú kékeré ní Pọ́túgàl, oúnjẹ ọ̀sán máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí aago méjìlá sí méjìlá ààbọ̀, ilé ìdáná a sì kógbá sílé ní nǹkan bí aago méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta. Kò tún ní ṣí títí di aago méje tàbí méje ààbọ̀ alẹ́, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í gba oníbàárà tuntun mọ́ bí aago mẹ́wàá bá ti ń sún mọ́lé. Pé ilẹ̀kùn ṣí ní aago mẹ́rin kò túmọ̀ sí pé iná wà lábẹ́ ìkòkò. Kọfí àti bíà nìkan ni wọ́n ń tà lásìkò yẹn. Ẹ tètè dé, nítorí prato do dia lè tán ní aago kan ààbọ̀, bó bá sì ti tán, ó tán nìyẹn.

Ilé kọ̀ọ̀kan ló ní ọjọ́ ìsinmi tirẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀, tí ọ̀rọ̀ náà encerrado yóò wà níwájú orúkọ ọjọ́ náà lára ilẹ̀kùn. Ọjọ́ Ajé ló wọ́pọ̀ jù, alẹ́ ọjọ́ Àìkú náà sì ń bẹ. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú yàtọ̀ pátápátá, nítorí ìgbà náà ni ìdílé máa ń kó ara wọn jáde láti ìyá àgbà dé ọmọ ọwọ́, wọ́n a sì jókòó fún wákàtí méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ pè wọ́n lórí fóònù ní ọjọ́ Sátidé kí wọ́n fi àyè pamọ́ fún yín. Bákan náà ni oṣù kẹjọ, nígbà tí àwọn ọmọ Potogí tó ń ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Faransé, Switzerland àti Luxembourg máa ń wálé. Ilé oúnjẹ á kún àkúnya, tàbí kí ẹ bá a ní títì nítorí pé ẹni tó ni ín lọ fún ìsinmi tirẹ̀.

Wíwọlé àti jíjókòó

Ẹ kí wọn. Ọmọ Yorùbá kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ ọ ní èyí, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń gbé ìkíni mì nílùú òyìnbó, nítorí a gbà pé òyìnbó kì í kí ẹni tí kò mọ̀. Ní ìlú kékeré Potogí, ẹni tó bá wọlé láìkí àwọn tó bá níbẹ̀ ni wọ́n máa ń wò tìyanu-tìyanu. Ẹ sọ Bom dia bó bá jẹ́ àárọ̀, Boa tarde bó bá jẹ́ ọ̀sán tàbí ìrọ̀lẹ́, Boa noite bí ilẹ̀ bá ti ṣú, kí ẹ sì sọ ọ́ sókè débi tí gbogbo ilé yóò gbọ́, kì í ṣe fún ẹni tó wà nídìí káńtà nìkan. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ iye ẹni tí ẹ jẹ́: Uma mesa para três, bí ẹ bá jẹ́ mẹ́ta. Ẹ dúró kí wọ́n tọ́ka sí tábìlì, torí ó ṣeé ṣe kí tábìlì tó ṣófo jẹ́ ti bàbá kan tó ń jókòó síbẹ̀ lójoojúmọ́.

Èdè wọn ní ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ gẹ́gẹ́ bí tiwa. Bí ẹ bá ń bá àgbàlagbà sọ̀rọ̀, ẹ lo o senhor fún ọkùnrin, a senhora fún obìnrin. Tu wà fún ọ̀rẹ́ àti ọmọdé. Bí ẹ bá gbọ́ tí wọ́n ń pe ìyá tó ń dáná ní Dona tí orúkọ rẹ̀ sì tẹ̀ lé e, ẹ̀yin náà ẹ pè é bẹ́ẹ̀. Láti pe ẹni tó ń gbé oúnjẹ, ẹ gbé ọwọ́ sókè díẹ̀ kí ẹ sọ Se faz favor. Kí ẹ má ṣe fi “sss” pè é, kí ẹ má sì pàtẹ́wọ́ sí i, nítorí ìwọ̀sí ni lójú tiwọn.

Ohun kan wà tí yóò mú inú ará Abẹ́òkúta dùn. Bí ẹ bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń jẹun, tí ojú yín sì ṣe mẹ́rin, ó lè na ọwọ́ sí àwo rẹ̀ kó sọ pé É servido? tàbí É servida? bó bá jẹ́ obìnrin ló ń bá sọ̀rọ̀. Ohun tí àwa ń sọ nígbà tí a bá ní “Ẹ wá jẹun” gan-an ni ó ń sọ, ìdáhùn rẹ̀ kò sì yàtọ̀ sí tiwa: ẹ dúpẹ́, kí ẹ sì gbà á ládùúrà kí oúnjẹ náà gba ibi ire, Obrigado, bom proveito. Kò retí pé kí ẹ fa àga. Àwọn arúgbó ló ṣì ń sọ ọ́ jù, ó sì dára kí ẹ̀yin náà sọ ọ́ fún ẹni tó bá yà sọ́dọ̀ yín nígbà tí oúnjẹ bá wà níwájú yín.

Ohun tí wọ́n gbé wá tí ẹ kò béèrè

Bí ẹ bá ti jókòó, wọ́n lè gbé búrẹ́dì, èso ólífì, bọ́tà, wàràkàṣì kékeré tàbí sàdíìnì lílọ̀ síwájú yín láìjẹ́ pé ẹ ti la ẹnu. Couvert ni wọ́n ń pe èyí, kì í sì í ṣe ọ̀fẹ́. Àlejò púpọ̀ ló ń rò pé sàárà ni, wọ́n a jẹ ẹ́ tán, wọ́n a sì máa bínú nígbà tí wọ́n bá rí i nínú ìwé owó. Àṣà ni, kì í ṣe ẹ̀tàn, iye owó nǹkan kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé oúnjẹ. Òfin Decreto-Lei 10/2015, tó jáde ní oṣù kìíní ọdún 2015, fi hàn kedere pé wọn kò gbọ́dọ̀ gba owó couvert lọ́wọ́ ẹni tí kò béèrè fún un, àyàfi bí ẹni náà bá jẹ nínú rẹ̀ tàbí tó bà á jẹ́. Nítorí náà, ohun tí ẹ kò bá fẹ́, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ sọ pé Não queremos, obrigado, bó bá jẹ́ obìnrin ló ń sọ̀rọ̀ kó sọ obrigada, wọn yóò sì gbé e kúrò láìbínú. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ gba búrẹ́dì àti èso ólífì, nítorí wọn kò wọ́n, wọ́n sì dára gan-an ní Alentejo, kí ẹ sì béèrè iye tí wàràkàṣì jẹ́ kí ọ̀bẹ yín tó kàn án.

Bíbéèrè oúnjẹ

Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ kọ́ ni O que é que há hoje? Kí ló wà lónìí? Bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n yàn fún yín, ẹ sọ pé O que recomenda? Ìwé oúnjẹ lè ní orúkọ ogún oúnjẹ, ṣùgbọ́n ilé kékeré kan kò lè máa se ogún oúnjẹ lákọ̀tun lójoojúmọ́. Ohun tí wọ́n sè láàárọ̀ ni ọwọ́ wọn wà nínú rẹ̀, òun náà ló máa ń yára dé orí tábìlì.

Ẹ fara balẹ̀ lórí ìwọ̀n. Dose kan, èyíinì ìwọ̀n oúnjẹ kíkún, sábà máa ń tó ènìyàn méjì. Meia dose ni èyí tó kéré sí i, ó sì ń tó ẹnì kan tí ebi ń pa dáadáa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé owó rẹ̀ máa ń lé díẹ̀ ní ìdajì owó dose. Ẹ bi wọ́n pé Meia dose chega?, ṣé meia dose yóò tó? wọn yóò sì sọ òtítọ́ fún yín, nítorí kò wù wọ́n kí a da oúnjẹ nù. Ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́rin lè béèrè dose méjì tó yàtọ̀ síra, kí wọ́n sì pín in, kò sí ẹni tí yóò fi ojú burúkú wò wọ́n.

Ọbẹ̀ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má retí ọbẹ̀ tí a fi ń jẹ òkèlè. Ṣíbí ni wọ́n fi ń mu tiwọn, pẹ̀lú búrẹ́dì. Caldo verde, tó pilẹ̀ láti Minho, jẹ́ pòtétò sísè tí wọ́n lọ̀ sínú omi rẹ̀, tí wọ́n da ewé couve tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ sí, pẹ̀lú òróró ólífì àti ègé sọ́séèjì ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ń pè ní chouriço, kan tàbí méjì. Ní àríwá, búrẹ́dì àgbàdo tí wọ́n ń pè ní broa ló máa ń bá a rìn. Owó ọbẹ̀ kéré púpọ̀, ó sì máa ń fi bí ọwọ́ ẹni tó ń dáná ṣe rí hàn: bí ọbẹ̀ ilé kan bá dùn, ẹ lè fọkàn balẹ̀ lórí èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Lẹ́yìn ọbẹ̀, ibi tí ẹ wà ló yẹ kó pinnu ohun tí ẹ ó jẹ. Ní Alentejo, tó fẹ̀ káàkiri gúúsù títí dé ẹ̀gbẹ́ Algarve, ilẹ̀ àlìkámà àti igi ólífì ni, àwọn alágbàṣe tó ń ṣiṣẹ́ lóko àwọn ọlọ́rọ̀ kò sì ní ju búrẹ́dì, òróró, áyù àti ewé lọ nígbà àtijọ́. Láti inú àìní yẹn ni àwọn oúnjẹ tí mo kà sí èyí tó dára jù ní ilẹ̀ náà ti jáde. Wọ́n ń gún áyù, iyọ̀ àti ewé olóòórùn dídùn tí wọ́n ń pè ní coentros nínú odó kékeré, wọ́n a da òróró ólífì sí i, wọ́n a bu omi gbígbóná lé e, wọ́n a wá kó búrẹ́dì àná àti ẹyin tí wọ́n sè nínú omi sínú rẹ̀. Açorda alentejana nìyẹn, òórùn rẹ̀ nìkan tó láti pe ènìyàn wọlé. Migas náà jẹ́ búrẹ́dì tí wọ́n rẹ tí wọ́n sì dín pẹ̀lú áyù, ṣùgbọ́n ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń fi dín in. Ensopado de borrego ni ẹran ọ̀dọ́ àgùntàn nínú omi rẹ̀ lórí búrẹ́dì. Carne de porco à alentejana pa ẹran ẹlẹ́dẹ̀ pọ̀ mọ́ ẹran oníkarawun kéékèèké láti inú omi. Nígbà ooru, wọ́n ń ṣe gaspacho tútù pẹ̀lú tòmátì àti kùkúḿbà, ẹni tó bá sì mọ bí oòrùn Évora ṣe ń mú nínú oṣù keje yóò mọ ìdí rẹ̀.

Ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ náà, ní agbègbè Miranda do Corvo àti Lousã, chanfana ni kí ẹ béèrè fún: ẹran ewúrẹ́ tó ti dàgbà, tí wọ́n da wáìnì pupa bò nínú ìkòkò amọ̀ dúdú, tí wọ́n sì fi sínú ààrò onígi fún ọ̀pọ̀ wákàtí títí ẹran náà yóò fi máa yọ kúrò lára egungun. Mealhada ni wọ́n ti mọ̀ fún leitão, ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ sísun. Lórí òkè Serra da Estrela, wàràkàṣì wàrà àgùntàn ni ògo wọn. Òdòdó ẹ̀gún kan tí wọ́n ń pè ní cardo ni wọ́n fi ń mú wàrà náà dì, gẹ́gẹ́ bí àwọn Fúlàní ṣe ń fi ewé bọmubọmu mú wàrà dì lọ́dọ̀ wa, inú rẹ̀ sì máa ń rọ̀ débi pé ṣíbí ni wọ́n fi ń bù ú.

Ní Trás-os-Montes, Miranda do Douro ni ilé posta mirandesa, ègé ẹran màlúù tó nípọn dáadáa tí wọ́n yan lórí iná pẹ̀lú iyọ̀ nìkan. Mirandela ní alheira, sọ́séèjì tí wọ́n fi búrẹ́dì, áyù àti ẹran adìẹ tàbí ẹyẹ mìíràn ṣe, tí ìtàn àtẹnudẹ́nu so mọ́ àwọn Júù tí wọ́n fi agbára sọ di Kìrìsìtẹ́nì ní ọdún 1497, tí wọ́n fẹ́ kí ará àdúgbò rò pé àwọn náà ń jẹ ẹlẹ́dẹ̀. Ní Minho, Ponte de Lima, tó gba ìwé àṣẹ ìlú rẹ̀ ní ọdún 1125, ń se arroz de sarrabulho, ìrẹsì tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ sè. Lampreia, ẹja odò tó gùn gbọọrọ, máa ń wà láti oṣù kìíní sí oṣù kẹrin ní àgbègbè yìí, owó rẹ̀ sì ga.

Bacalhau wà níbi gbogbo. Ẹja kan náà tí wọ́n fi ń ṣe panla gbígbẹ tí à ń rà láti ilẹ̀ Norway ni, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ nìkan ló ń gbẹ panla, nígbà tó jẹ́ pé iyọ̀ ni wọ́n fi ń pa bacalhau, tí wọ́n á sì rẹ ẹ́ sínú omi fún ọjọ́ kan tàbí méjì, tí wọ́n ó máa pààrọ̀ omi náà, kó tó ṣeé jẹ. À lagareiro ni wọ́n ń pe èyí tí wọ́n sun pẹ̀lú òróró ólífì àti áyù, tí pòtétò kéékèèké sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. À Brás ni èyí tí wọ́n gé wẹ́wẹ́, tí wọ́n sì pò mọ́ ẹyin àti pòtétò dídín tín-ínrín. Bí ojú bá ń ti yín láti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun àjèjì, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú à Brás. Ní etíkun, ẹ béèrè ẹja ọjọ́ náà tí wọ́n yan, ṣùgbọ́n ẹ fi sàdíìnì yíyan sílẹ̀ títí di oṣù kẹfà sí ìkẹsàn-án, ìgbà tó sanra, tó sì dùn jù.

Fún ẹni tí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tàbí ohun tó ní ọtí

Apá yìí ni mo fẹ́ kí àwọn Mùsùlùmí Abẹ́òkúta, àti àwọn Kìrìsìtẹ́nì tí ìjọ wọn kò fàyè gba ẹ̀jẹ̀ tàbí ọtí, kà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ kì í ṣe oúnjẹ kan láàárín oúnjẹ púpọ̀ níbẹ̀. Ó ń wọ inú ohun tí orúkọ rẹ̀ kò sọ. Ègé chouriço máa ń wà nínú caldo verde, ẹ̀wà kì í sì í sábà dé láìní sọ́séèjì tàbí ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ nínú. Ọ̀pọ̀ alheira tí wọ́n ń tà lónìí ló ní ẹlẹ́dẹ̀, ohun yòówù kí ìtàn rẹ̀ sọ. Inú àkàrà òyìnbó pàápàá kò mọ́: toucinho do céu máa ń ní ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ bí wọ́n bá ṣe é ní ti àtijọ́, ègé ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ sì máa ń wà nínú ohun tí wọ́n fi ń se pudim Abade de Priscos ti Braga. Ẹ̀jẹ̀ adìẹ ni wọ́n fi ń se arroz de cabidela. Ẹran tí wọ́n bá pè ní vinha d'alhos ti sùn nínú wáìnì àti áyù, wáìnì funfun sì wọ́pọ̀ nínú ẹja tí wọ́n sè.

Ẹ má fi ìtìjú pa ọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ sọ pé Não como carne de porco, èmi kì í jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀, kí ẹ wá bi wọ́n léèrè lórí oúnjẹ tí ẹ yàn: Leva porco? Leva banha? Leva sangue? Leva vinho? Leva níbí túmọ̀ sí “ṣé ó ní?”, porco ni ẹlẹ́dẹ̀, banha ni ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀, sangue ni ẹ̀jẹ̀, vinho sì ni wáìnì. Bí ẹ bá sọ ẹlẹ́dẹ̀ nìkan, ẹnìkan lè yọ ègé ẹran kúrò nínú ìkòkò kó sì gbà pé òun ti ṣe ohun tí ẹ fẹ́, nítorí náà ni mo fi ní kí ẹ béèrè ọ̀rá náà lọ́tọ̀. Ẹran tí wọ́n pa ní ìlànà Ìsìláàmù ṣòro láti rí ní ìlú kéékèèké, nítorí náà ẹja ni ààbò: dourada, robalo tàbí sàdíìnì yíyan pẹ̀lú pòtétò sísè àti ewé, bacalhau à Brás, tàbí ẹyin dídín lásán, omelete simples. Wàràkàṣì Serra da Estrela tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan kò ní ohunkóhun láti inú ikùn ẹranko, òdòdó ló mú un dì, ọkàn yín sì lè balẹ̀ lórí rẹ̀.

Ní ti ata, ẹ mọ̀ ṣáájú pé oúnjẹ wọn kì í ta. Áyù, òróró ólífì àti iyọ̀ ló ń gbé e ró. Ẹ béèrè piri-piri, wọn yóò sì gbé ìgò kékeré kan wá tí ata wẹ́wẹ́ wà nínú òróró rẹ̀. Àwọn oníchurrasqueira ni tiwọn máa ń ta jù. Ọkọ̀ ojú omi àwọn Potogí gan-an wà lára àwọn tó gbé ata, àgbàdo àti gbágùúdá láti Amẹ́ríkà wá sí etíkun Áfíríkà ní àwọn ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, láìsí gbágùúdá yẹn kì bá tí sí láfún tí Ẹ̀gbá fi ń ṣe àlejò. Síbẹ̀, ẹ tọ́ oúnjẹ náà wò lásán ná kí ẹ tó da ata bò ó, pàápàá açorda, kí adùn coentros má bàa pòórá.

Ohun mímu, kọfí àti sísanwó

Omi ni kí ẹ sọ irú èyí tí ẹ fẹ́: sem gás ni omi lásán, com gás ni èyí tó ń hó; fresca ni tútù, natural ni èyí tí kò tutù. Ẹni tó ń mu wáìnì kò nílò láti wo ìwé. Vinho da casa ni wọ́n ń bù sínú jọ́ọ̀gì, owó rẹ̀ kéré, ti Alentejo àti ti Douro sì dára. Lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ lè béèrè arroz doce, ìrẹsì aládùn tí wọ́n wọ́n ìyẹ̀fun èèpo igi olóòórùn dídùn tí wọ́n ń pè ní canela sí, tàbí sericaia ní agbègbè Elvas. Um café ni kọfí kékeré dúdú tó lágbára, tí wọ́n ń mu ní ẹnu mẹ́ta. Kò sí ẹni tí yóò lé yín dìde, wọn kì í sì í gbé ìwé owó wá láìjẹ́ pé ẹ béèrè: A conta, se faz favor.

Ẹ mú owó yúrò dání. Ilé kékeré mìíràn kì í gba káàdì rárá, òmíràn sì ń gba káàdì Multibanco ti ilẹ̀ wọn nìkan, tí káàdì báńkì Nàìjíríà kò ní ṣiṣẹ́ lára rẹ̀, nítorí náà ẹ béèrè kí ẹ tó jókòó: Aceita cartão? Bí ẹni tó ń gba owó bá sọ pé Contribuinte?, nọ́ńbà owó orí ló ń béèrè. Àlejò yóò dáhùn pé Não, obrigado. Ọmọ yín tó ń gbé ibẹ̀ lè fún un ní tirẹ̀, nítorí ó lè rí díẹ̀ gbà padà nínú owó IVA. Fífún olóúnjẹ ní owó lé owó kì í ṣe dandan. Bí inú yín bá dùn, ẹ fi owó ẹyọ díẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì. Bí wọ́n bá sì kọ ohun tí ẹ kò jẹ sínú ìwé owó, ẹ fi sùúrù tọ́ka sí i. Bí wọn kò bá gbọ́, ilé oúnjẹ kọ̀ọ̀kan ló gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀sùn, Livro de Reclamações, tí ẹ lè béèrè láti kọ ọ̀rọ̀ yín sí, wọn kò sì gbọ́dọ̀ fi dù yín.

Bí ẹ bá dé ìlú kan ní aago mẹ́rin tí gbogbo ilé ìdáná ti tì, ẹ wá café tàbí pastelaria. Ẹ ó rí pastéis de bacalhau, tí àwọn ará àríwá ń pè ní bolinhos, àti rissóis de camarão tí edé wà nínú rẹ̀. Prego no pão ni ẹran màlúù nínú búrẹ́dì, ṣùgbọ́n bifana jẹ́ ẹlẹ́dẹ̀, tosta mista náà sì ní ẹlẹ́dẹ̀ nínú, nítorí náà ẹ ní kí wọ́n ṣe é só com queijo, wàràkàṣì nìkan. Bí ẹ ti ń jẹ ẹ́, ẹ bi ẹni tó wà nídìí káńtà pé ilé wo ló ń se oúnjẹ alẹ́ tó dára jù ní ìlú náà àti ìgbà tí wọ́n ń ṣí, A que horas abre a cozinha?, kí ẹ sì rìn lọ síbẹ̀ láti gba tábìlì sílẹ̀ kí aago méje tó lù.